Ẹ̀bùn ọdọọdún fún ọ̀dọ́ onímọ̀ kẹ́mísírì: ẹ fún wọn ní àkókò lórí ẹ̀rọ

Lọ́dọọdún, ilé ìtẹ̀wé Thieme ní Jámánì máa ń gbé orúkọ àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ kẹ́mísírì ọ̀gáníìkì jáde fún ẹ̀bùn kan tí wọ́n ń pè ní Thieme Chemistry Journals Award. Ọdún 1999 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Èèyàn kì í kọ̀wé béèrè fún un. Àwọn olóòtú ìwé ìròyìn ìmọ̀ wọn, irú bíi Synthesis àti Synlett, ló ń fa orúkọ kalẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá láàbù tirẹ̀ sílẹ̀ ní yunifásítì, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì ń fi hàn pé yóò jinlẹ̀ lọ́la, ni wọ́n máa ń wò. Lára ohun tí wọ́n ń fún un ni pé yóò máa ka àwọn ìwé ìròyìn náà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìgbà kan.

Inú wa ń dùn sí àwọn tó ń gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ẹ̀bùn náà kà sí pé ó ti wà nílẹ̀. Ẹni tó bá gbà á ní Switzerland tàbí ní Japan ti ní láàbù tí iná kì í ṣàdédé kú níbẹ̀. Ó ti ní owó kẹ́míkà. Ẹ̀rọ tó fẹ́ lò kò sì jìnnà sí yàrá iṣẹ́ rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí àti ìwé ìròyìn ọ̀fẹ́ wá dà bí oyin tí a dà sórí àkàrà, àkàrà fúnra rẹ̀ sì ti wà lórí tábìlì.

Ìdí tí a fi ń sọ èyí ni pé àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde ní Ifẹ̀ máa ń bi wá pé kí ni àwọn lè ṣe fún ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì tí yóò hàn, tí kò sì ní gba owó tí apá wọn kò ká. Ìdáhùn wa rèé: ẹ dá ẹ̀bùn ọdọọdún kan sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ kẹ́mísírì ọ̀gáníìkì tó ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò ìwé gẹ́gẹ́ bí owó, ẹ má sì ná an sórí páálí àti ife-ẹ̀yẹ. Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Ohun tó yẹ kó jẹ́ ọkàn ẹ̀bùn náà ni àkókò lórí ẹ̀rọ.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjòjì nílẹ̀ wa. Ní 1967, Donald Ekong, onímọ̀ kẹ́mísírì ní Yunifásítì Ìbàdàn, gbé ìwé kan jáde lórí nimbolide, ohun kan tó wà nínú ewé dóńgóyárò. Ó sọ bí àwọn átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ ṣe tò mọ́ra. Ekong yìí kan náà ló padà di ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ fún Yunifásítì Port Harcourt. Ní 2019, ó lé ní àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ìwé yẹn, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì California ní Berkeley fi hàn pé nimbolide máa ń so mọ́ purotéènì kan tó ń jẹ́ RNF114 nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọyàn. Wọ́n sì ń lo ohun tí wọ́n rí láti wá ọ̀nà tuntun tí a fi lè mú kí sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ tú àwọn purotéènì tó ń fa àìsàn ká. Kò sí bí wọn ì bá ṣe bẹ̀rẹ̀ bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì mọ ohun tí nimbolide jẹ́.

Ní 1973, E. K. Adesogan, ní Ìbàdàn náà, gbé iṣẹ́ rẹ̀ lórí orúwo jáde nínú ìwé ìròyìn Tetrahedron. Orúwo tí àwọn ìyá wa ń sè fún ibà ni. Méjì nínú àwọn ohun tó kọ̀wé nípa wọn ń jẹ́ oruwal àti oruwalol. Orúkọ igi tí a ń fi Yorùbá pè ló wọ inú ìwé kẹ́mísírì àgbáyé bẹ́ẹ̀, kò sì tíì kúrò níbẹ̀.

Ní Ifẹ̀ tiwa ńkọ́? Nígbà tí ilé ìwé yìí ṣì ń jẹ́ Yunifásítì Ifẹ̀, Sofowora àti Isaacs-Sodeye kọ ọ́ ní 1971 pé oje tí wọ́n fà jáde lára gbòǹgbò orin àtá lè mú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ti tẹ̀ bíi dòjé padà sí bó ṣe yẹ kó rí, nínú ìgò àyẹ̀wò. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ni wọ́n ń lé. Ní 1975, àwọn méjèèjì pẹ̀lú Ogunkoya tún jáde pẹ̀lú ìwé mìíràn lórí bí wọ́n ṣe ya ohun kan tó ń ṣiṣẹ́ náà sọ́tọ̀ lára gbòǹgbò yẹn, tí wọ́n sì sọ irú ohun tó jẹ́. Igi tí àwọn bàbá àgbà wa fi ń rin ẹnu láàárọ̀ ni.

Ẹ wò ó bí ìgbésẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe jọra. Oníṣègùn lè sọ ewé tó ń ṣiṣẹ́ fún wa. Ṣùgbọ́n nínú ìkòkò àgbo kan ṣoṣo, ohun tó wà níbẹ̀ lè tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Èwo ló ń wo àìsàn? Èwo ló ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́? Báwo ni átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ ṣe tò? Bí a kò bá mọ èyí, a kò lè wọn ìwọ̀n tí aláìsàn yóò lò, a kò lè yọ èyí tó léwu kúrò, a kò sì lè ṣe é láìwú gbogbo igi inú igbó tán. Iṣẹ́ onímọ̀ kẹ́mísírì ọ̀gáníìkì nìyẹn.

Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti ń há lónìí. Ọ̀dọ́ olùkọ́ kan lè já ewé, kó sá a, kó gún un, kó rẹ ẹ́ sínú methanol, kó sì fi silica gel ya ohun inú rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ títí yóò fi kan ìyẹ̀fun funfun díẹ̀ nínú ìgò kékeré. Gbogbo èyí ṣeé ṣe pẹ̀lú sùúrù. Ìbéèrè tó kàn ni pé kí ni ìyẹ̀fun yìí? Ẹ̀rọ tí gbogbo ayé fi ń dáhùn ìbéèrè yẹn ni NMR.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò sí ní ẹ̀ka wa: òòfà ńlá ni NMR. Wọ́n á ti ọ̀pá dígí tín-ínrín tí nǹkan náà wà nínú rẹ̀ bọ àárín òòfà yẹn, wọ́n á fi ìgbì rédíò kàn án, ẹ̀rọ náà á sì máa gbọ́ èsì. Ó dà bí ẹni tó ń bi háídírójìn àti kábọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan léèrè pé ta ni o jókòó tì. Láti inú ìdáhùn wọn la ti ń tún ilé náà yà. Òòfà tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́ àfi kó wà nínú helium olómi, tó tutù tó ìwọ̀n 269 sísàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Celsius. Helium yìí ń fẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ máa bù ú kún un. Bó bá gbẹ, òòfà náà á pàdánù agbára rẹ̀, àtijí i sì máa ń náni lówó gọbọi. Ìdí nìyí tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò fi wọ́pọ̀ nílẹ̀ yìí. Rírà á le, ṣùgbọ́n bíbọ́ ọ lẹ́yìn tí a rà á tún le jùyẹn lọ.

Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ onímọ̀ nílẹ̀ wa á di ìgò kékeré yẹn sínú àpò, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ tàbí ojúlùmọ̀ lókè òkun. Bí ọ̀rẹ́ náà bá ráyè, èsì á dé. Bí kò bá ráyè, oṣù á máa gun orí oṣù. Bí èsì bá dé tó sì ku ìbéèrè kan, a tún di dandan kí wọ́n bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tí kò ní ojúlùmọ̀ kankan ńkọ́? Ìyẹ̀fun rẹ̀ á wà nínú fìríìjì. A kò sọ pé kí a má ṣe bá àwọn ará òkèèrè ṣiṣẹ́ pọ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ojú àánú gba àkókò lórí ẹ̀rọ ẹlòmíràn kò lè sọ pé òun fẹ́ dán nǹkan mìíràn wò lọ́la.

Àwọn kan á ní ṣé kò sí ẹ̀bùn nílẹ̀ yìí ni? Ó wà. Ẹ̀bùn sáyẹ́ǹsì ti iléeṣẹ́ NLNG bẹ̀rẹ̀ ní 2004, owó rẹ̀ sì ti di ọ̀kẹ́ márùn-ún dọ́là, ìyẹn 100,000. Ní 2006, Ọ̀jọ̀gbọ́n Michael Adikwu ti Nsukka ló gbà á fún iṣẹ́ tó fi omi ara ìgbín wo ojú ọgbẹ́. Iṣẹ́ tó dára ni, ẹ̀bùn ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ti parí, tó sì ti so èso, ni wọ́n ń fún. Ó sì ti ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé àwọn adájọ́ kò rí ẹni tó yẹ, tí wọn kò sì fún ẹnikẹ́ni lọ́dún náà.

Ó wà fún àwọn tó ṣì ń bọ̀ pẹ̀lú. Ní 2014, Ọ̀mọ̀wé Taiwo Olayemi Elufioye, tó ń kọ́ni nípa oògùn ewé ní Yunifásítì Ìbàdàn, wà lára àwọn obìnrin márùn-ún tí Elsevier Foundation àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà, OWSD, fún ní ẹ̀bùn kẹ́mísírì. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún dọ́là àti ìrìn-àjò lọ sí ìpàdé ńlá àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Chicago ló gbà. Ètò FLAIR, tí Royal Society ti Lọ́ńdọ̀nù àti ilé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ti Áfíríkà jọ gbé kalẹ̀, fún àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ní owó ìwádìí tó lè tó 300,000 pọ́n-ùn fún ọdún méjì. Ohun iyì ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo Áfíríkà ló du FLAIR nígbà tó ṣì wà, gbogbo àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà ló sì ń du ti Elsevier. Ẹni tó máa yege níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ní ìwé tó jáde lọ́wọ́. Báwo ni yóò ṣe ní ìwé tó jáde nígbà tí ìyẹ̀fun rẹ̀ ṣì wà nínú fìríìjì? Àlàfo yìí ni a fẹ́ kí ẹ̀bùn tiwa dí. Kó jẹ́ ẹ̀bùn tí èèyàn á gbà kó tó lè du àwọn yòókù.

Kí ni kó wà nínú rẹ̀? Àkọ́kọ́, iye wákàtí kan lórí NMR àti lórí mass spectrometer, ní ibikíbi tí ẹ̀rọ náà bá ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ìbáà jẹ́ nílẹ̀ yìí tàbí ní South Africa tàbí ní òkè òkun. Ẹ̀bùn náà ni kó bá wọn ṣàdéhùn, kó sì san owó fún wọn tààrà. Kò ní sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Oníbàárà ni ọ̀dọ́ onímọ̀ náà á jẹ́, yóò sì lè ní kí wọ́n tún un ṣe. Èkejì, owó kẹ́míkà àti owó ìfiránṣẹ́. Pàápàá jù lọ kilorofọ́ọ̀mù tí wọ́n fi deuterium rọ́pò háídírójìn inú rẹ̀, tí NMR kì í fẹ́ràn láti ṣiṣẹ́ láìsí i. Láti ìgbà tí náírà ti já ní 2023, tó kúrò ní nǹkan bíi 460 sí dọ́là kan tó sì kọjá 1,500 ní 2024, ìgò kékeré kan rẹ̀ ti di ohun tí olùkọ́ ń tì mọ́ inú àpótí. Ẹ̀kẹta, owó díẹ̀ lọ́wọ́, tí ẹnikẹ́ni kò ní béèrè ohun tó fi ṣe.

A mọ̀ pé àwọn kan á bínú sí ẹ̀kẹta pé ó kéré. Wọ́n á ní olùkọ́ tó ń san owó ilé àti owó ilé ìwé ọmọ mọ ohun tó nílò ju wa lọ, kí a kó gbogbo owó náà fún un. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìdí nìyẹn tí a fi ní kí owó ọwọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá kó gbogbo rẹ̀ fún un, ebi á jẹ ẹ́ dínkù fún oṣù díẹ̀, ìyẹ̀fun á sì ṣì wà nínú fìríìjì. A kò lè fi ẹ̀bùn kan ṣoṣo tún owó oṣù olùkọ́ ṣe. Ìjà mìíràn nìyẹn, a sì mọ ibi tí wọ́n ti ń jà á.

Àwọn mìíràn á ní kí ló dé tí a kò kúkú dá owó jọ ra NMR fún Ifẹ̀? Àwa náà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí kò ní helium, tí kò ní ẹni tó lè tún un ṣe, á di ohun tí a ń fi han àlejò. Ó ti ń jáde báyìí pé àwọn NMR kéékèèké wà tó ń jókòó sórí tábìlì, tí òòfà wọn kò nílò helium rárá. Agbára wọn kò tó ti ńlá, wọn kò sì lè tú gbogbo ohun tó bá díjú, ṣùgbọ́n wọ́n wúlò fún ìkọ́ni. Kí ẹ̀bùn náà fi ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin fi hàn wá irú iṣẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń ṣe àti iye wákàtí tí wọ́n ń lò. Nígbà náà, bí a bá fẹ́ ra ẹ̀rọ, a ó mọ irú èyí tó yẹ ká rà.

Ọ̀rọ̀ tó gba ìrònú jù ni ti ta ni ká pè ní ọ̀dọ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀bùn òkèèrè máa ń fi ọjọ́ orí dè é, wọ́n á ní kó má ju ọdún 35 tàbí 40 lọ. Ní ilẹ̀ yìí, ọjọ́ orí á purọ́ mọ́ èèyàn. Ẹnìkan lè fi ọdún méjì wá JAMB, kó sin ìjọba fún ọdún kan, kó wá bá ìyanṣẹ́lódì pàdé. Ti 2022 nìkan, láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, oṣù mẹ́jọ gbáko ni. Obìnrin tó bímọ méjì nígbà tó ń ṣe PhD ńkọ́? Èrò wa ni pé kí a ka ọdún láti ìgbà tí èèyàn gba PhD, kó má ju ọdún mẹ́jọ lọ. Kí a sì yọ oṣù ìyanṣẹ́lódì àti oṣù ìbímọ kúrò nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa máa ń sọ ní ìkọ̀kọ̀: ọmọ ta ni yóò gbà á? Bí ẹ̀bùn yìí bá di ti ọmọ ọ̀gá lọ́dún kìíní, ó ti kú nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ orúkọ àti orúkọ ilé ìwé kúrò lára ìwé ìbéèrè kí àwọn adájọ́ tó kà á. Kí adájọ́ má wá láti ẹ̀ka tí ẹni tó ń béèrè wà. Kí wọ́n sì kọ ojú ìwé kan jáde fún gbogbo ayé kà, pé ìdí tí a fi mú lágbájá rèé. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kẹ́mísírì ní Amẹ́ríkà, ní Kánádà àti ní Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ tó ẹni tó lè ṣe ìdájọ́ yìí láìgba kọ́bọ̀.

Kí ló wá kàn wá nínú rẹ̀, àwa tí a kò tíì gba dìgírì àkọ́kọ́? Ó kàn wá gan-an. A ń wo ẹgbẹ́ wa. Àwọn tó gba máàkì tó ga jù nínú ọ̀gáníìkì ló kọ́kọ́ ń sá fún un. Òmíràn ti ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lálẹ́, òmíràn ti ń kọ IELTS. A kò bá wọn wí. Ẹni tó fẹ́ jápa ní ìdí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ tó kọ́ wa ní ìdè kábọ́ọ̀nù ti ń sún mọ́ ìgbà ìfẹ̀yìntì, àwọn tó yẹ kó rọ́pò wọn ni àwọn ọ̀dọ́ tí ìyẹ̀fun wọn wà nínú fìríìjì yẹn. Bí àwọn náà bá lọ, ta ni yóò kọ́ àwọn àbúrò wa?

Nítorí náà, a fẹ́ fi àdéhùn kan kún un: kí ẹni tó bá gba ẹ̀bùn náà mú akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó wà ní ọdún àṣekágbá mọ́ra fún iṣẹ́ ìwádìí wọn, kí àwọn náà sì jókòó ti èsì NMR tiwọn, èyí tó ti ọwọ́ wọn jáde. Láti máa ka àwòrán NMR inú ìwé tí ẹlòmíràn yà ní 1980 yàtọ̀ sí kí èèyàn rí orí òkè kékeré kan níbi tí kò retí rẹ̀, kó sì máa wá ohun tó fà á fún ọ̀sẹ̀ méjì. Irú ọ̀sẹ̀ méjì bẹ́ẹ̀ lè mú kí èèyàn pinnu láti dúró sẹ́nu iṣẹ́ yìí.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí ọgọ́rùn-ún èèyàn bá dá ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà lọ́dún, mílíọ̀nù márùn-ún ni. Bí dọ́là bá wà ní 1,500, ìyẹn lé díẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta dọ́là, ìyẹn 3,333. Bí àwọn tó ń gba owó òkèèrè bá fi ti tiwọn kún un, á tó ẹni kan lọ́dún kìíní, bóyá ẹni méjì lọ́dún kejì. Ẹ má dúró de olówó kan tí yóò fi orúkọ ara rẹ̀ pe ẹ̀bùn náà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ohun tí a ń béèrè báyìí kò ju mẹ́ta lọ. Kí ẹ̀yin tó wà níbi tí NMR ti ń ṣiṣẹ́ béèrè iye tí ibẹ̀ ń gbà fún wákàtí kan lọ́wọ́ ẹni tó wá láti ìta, kí ẹ sì sọ fún wa. Kí ẹ̀yin tó ti jẹ́ adájọ́ ẹ̀bùn rí kọ ìlànà ojú ìwé méjì. Kí ẹ̀yin tí ẹ jọ jáde lọ́dún kan náà gbé ọ̀rọ̀ owó náà wọ inú ìpàdé yín tó ń bọ̀. Iṣẹ́ tiwa ni láti kó orúkọ àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ tó wà nílẹ̀ yìí jọ, pẹ̀lú ohun tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ tí wọn kò sì tíì mọ ohun tó jẹ́. A ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ wọn.